Àgbọn Tí Tísà Hannah Fà Tu

Láyé àtijọ́, bí òkun bá ń sún mọ́ ilé ní Ìdí-Àgbọn, ńṣe ni wọ́n máa ń gbé ilé kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. N kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àsọdùn. Ọparun ni òpó, imọ̀ àgbọn ni ògiri àti òrùlé. Bí omi bá ti ń lá ẹsẹ̀ òpó, baálé ilé yóò ké sí àwọn aládùúgbò, wọn yóò tú okùn, wọn yóò ru ilé náà ní apá kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì tún un dì síbi tí yanrìn ti ga. Kí oòrùn tó wọ̀, ìyàwó ilé ti ń yan ẹja ní ẹ̀yìnkùlé tuntun. Ẹnikẹ́ni kò sunkún. Òkun béèrè àyè, wọ́n sì sún fún un gẹ́gẹ́ bí a ti ń sún fún àgbà lórí ìjókòó.

Erékùṣù tóóró kan ni Ìdí-Àgbọn, ní ìsàlẹ̀ Makun-Omi, òkun níwájú, ọ̀sà lẹ́yìn. Ilé àkọ́kọ́ tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ níbẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ìjọ tí wọ́n dá a sílẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi kó sìmẹ́ńtì àti páànù wá, iṣẹ́ náà sì dára: fèrèsé gbòòrò, pátákó dúdú lára ògiri, agogo tí à ń gbọ́ títí dé àárín ọ̀sà. Alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ni mí ní agbègbè etí omi kí n tó fẹ̀yìntì sí Ìjẹ̀bú-Igbó, n kò sì tí ì rí ibòmíràn tí àwọn ọmọ ti ń dìde kí àlejò pẹ̀lú ìlànà bí ti ibẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn lè kún fún yanrìn. Kọ́là ẹ̀wù wọn kì í dọ̀tí. Irú rẹ̀ kò sí mọ́, ì báà jẹ́ ní ìgboro.

Ẹ̀kọ́ sì so èso. Àwọn tí wọ́n kàwé jáde rí iṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Èkó. Wọ́n fẹ́ kí ayé mọ̀ pé àwọn òbí àwọn bí ọmọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù fún wọn, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, títí ilé imọ̀ àgbọn fi di ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n a kì í ru ilé búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí òkun tún béèrè àyè, kò tún sí ẹni tí ó lè sún fún un.

Ọmọ oníṣòwò ẹja yíyan ni Hannah Adéfọlá. Sarah, ìyá rẹ̀, ni ó fi owó ẹja rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama lókè, lẹ́yìn náà sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, nígbà tí a ṣì ń pè é ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn. Jọ́gíráfì ni ó kà. Ó sọ fún mi nígbà kan pé olùkọ́ fi àwòrán etí òkun wa hàn wọ́n lára ògiri, ó ní ayé ń gbóná, òkun ń ga, àti pé gbogbo ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà láàrin òkun àti ọ̀sà yóò lọ. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ìdánwò. Òun ń wá òrùlé ìyá rẹ̀ nínú àwòrán náà.

Ìyá náà kú kí ọmọ tó jáde. Àwọn ẹgbẹ́ Hannah wọ ọ́fíìsì, àwọn kan wọ báǹkì. Òun wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí Ìdí-Àgbọn. Bàbá Zechariah, baálẹ̀ erékùṣù náà, ń tún àwọ̀n ṣe ní èbúté nígbà tí ó gúnlẹ̀.

"Hannah, ṣé ìsinmi ni?"

"Rárá o, Bàbá. Mo padà wá ni. Ilé ẹ̀kọ́ wa ni wọ́n gbé mi sí."

Bàbá wo báàgì rẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀. "Ìyá rẹ yan ẹja títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, kí ìwọ lè jáde kúrò nínú èéfín. O wá gba ẹ̀yìnkùlé padà wọlé."

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná, Bàbá, kí ẹ tó lé mi."

"Ta ní lé ọ? Wá bá mi di etí àwọ̀n yìí mú, bí yunifásítì kò bá tí ì gba ọwọ́ rẹ."

Ó di í mú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Tísà, tọmọdé tàgbà.

N kò ní í ka gbogbo ohun tí ó ṣe. Ó kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní odò wíwẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, nítorí pé ìgbàgbọ́ àwọn ará òkè pé ọmọ etí omi mọ odò wẹ̀ láti inú ìyá rẹ̀ kì í ṣe òtítọ́. Ó kọ́ wọn bí a ti ń gbe omi òjò pamọ́ fún ìgbà tí kànga bá ní iyọ̀. Ó kọ́ wọn ibi tí gbogbo ènìyàn yóò sá gbà bí òkun bá ya wọlé lójijì, wọ́n sì ń sá eré náà dánrawò títí àwọn ìyá fi ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Tísà, òkun tí ẹ ń sá fún yìí, ṣé ó ti gbéra?"

Ohun tí ó so ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ọkàn wọn ni àgbọn. Ní Ìdí-Àgbọn, bí a bá bí ọmọ, wọn a ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́ yanrìn, wọn a sì gbin àgbọn lé e lórí. Igi náà ń jẹ́ orúkọ ọmọ. Bí ọmọ bá ń ṣe ìmẹ́lẹ́, wọn a ní àgbọn rẹ̀ ti gbọ́n jù ú lọ. Bí òkun bá gbé igi náà lọ, òkun ni ó gbé e, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn kì í fà á tu. Ẹni tí ó bá fa àgbọn ọmọ tu, ọmọ náà ni ó ń fà.

Àwọn àgbà tí kò ní sùúrù fún ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́ mọ èyí dáadáa. Nítorí náà Hannah sọ fún àwọn ọmọ pé kí olúkúlùkù máa gbin àgbọn mìíràn sí iwájú òkun ní ọdọọdún, ní orúkọ ara rẹ̀. Ó ní gbòǹgbò wọn yóò di yanrìn mú, àti pé ẹni tí ó bá gbin tirẹ̀ ti fi ara rẹ̀ dí ọ̀nà òkun. Kò sí ọmọ tí ó fẹ́ kí àyè tirẹ̀ ṣófo. Àwọn òbí ń bomi rin ín. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ àtijọ́ nìyẹn, pé láti inú ohun tí ọmọ mọ̀ ni a ti ń mú un lọ sí ohun tí kò mọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn ìbẹ̀wò mi pé n kò tí ì rí ẹ̀kọ́ tí ó dára tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀.

Igi náà di yanrìn mú fún ìwọ̀n ìgbà tí igi lè ṣe é. Lẹ́yìn náà ni òkun ya, ní ọ̀sán gangan, láìsí òjò, láìsí ìjì, oòrùn ń ràn. Omi gorí àgbọn, ó la ìlú kọjá, ó sì bá ọ̀sà pàdé lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó fà padà, ìlà àgbọn ti dùbúlẹ̀, kànga ti di iyọ̀, ilé búlọ́ọ̀kù tí ó wà níwájú ti fẹ̀yìn ti ara wọn. Ẹnì kankan kò kú. Gbogbo ọmọ ni ó sá gba ibi tí Tísà ní kí wọ́n gbà, àwọn tí omi sì ká mọ́ lúwẹ̀ẹ́ jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ìwúlò ẹ̀kọ́ ní erékùṣù yẹn, ọjọ́ náà ni mo máa ń tọ́ka sí. N kò ní ọjọ́ mìíràn láti tọ́ka sí.

Wọ́n pàdé nínú kíláàsì, omi ṣì wà nílẹ̀. Bàbá Zechariah ni ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

"N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. A ó lọ. Ṣùgbọ́n bí a ó bá lọ, kí a lọ pọ̀. Bí a bá fọ́n ká, a ti kú nìyẹn, kódà bí a bá ń mí. Tísà, ibi tí ilé ẹ̀kọ́ bá lọ ni a ó tẹ̀lé e lọ. Wá ilẹ̀ fún wa."

Ẹrù tí wọ́n gbé lé e lórí nìyẹn: ilẹ̀ kan ṣoṣo tí yóò gba gbogbo wọn, kí òkun tó tún padà wá. Àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní bí àwọn ará ibẹ̀ bá ti tẹ̀dó sórí ilẹ̀ tí kò ní ẹjọ́ nínú, àwọn yóò kọ́ ilé ẹ̀kọ́ síbẹ̀.

Ní òdìkejì ọ̀sà, ní ibi tí ilẹ̀ ti ga, ni Òkè-Ọ̀pẹ wà, abúlé àgbẹ̀. Bàbá Mùbàṣírù ni olórí ẹbí tí ó ni ilẹ̀, arúgbó Mùsùlùmí tí ojú rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀ bí ó bá ń rìn, tí ètè rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ àwàdà. Hannah àti Bàbá Zechariah lọ bá a, wọ́n gbé ẹja dání.

"Ẹ̀yin ará omi," ni Bàbá Mùbàṣírù wí, "ẹ ti jẹ ẹja tán, ẹ wá fẹ́ wá jẹ ẹ̀gẹ́ wa."

"Ẹja tí à ń jẹ náà ni ẹ̀yin ń jẹ," ni Bàbá Zechariah dáhùn. "Orí rẹ̀ ni ẹ máa ń ní kí a fi sílẹ̀ fún yín."

"Orí ni adùn ẹja. Ẹ kò mọ̀ ni ẹ fi ń tà á."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Hannah kúnlẹ̀, ó sì ṣàlàyé ohun tí ó gbé wọn wá. Bàbá Mùbàṣírù fetí sílẹ̀ títí ó fi parí.

"Ọmọ mi, omi tí o ní yóò bo ibẹ̀ pátápátá yìí, ṣé ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé sọ ọ́, Bàbá. Omi náà sì ti wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

Arúgbó náà mi orí. "Alihamudulilai pé a ní ilẹ̀. Ẹni tí omi lé, a kì í bi í léèrè pé kí ló mú wá. Láti ẹ̀gbẹ́ àkùrọ̀ títí dé ojú ọ̀nà, ẹ kọ́ ilé. Ẹ kọ́ ilé ẹ̀kọ́, kí àwọn ọmọ tiwa náà lè yé fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn. N kò gba ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ẹ gbé ẹja wá kí wa."

"Pẹ̀lú orí rẹ̀," ni Bàbá Zechariah wí.

"Bí kò bá ní orí, ẹ má gbé e wá."

Bàdírù, ọmọ àbúrò rẹ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó sì máa ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ó sọ. "Bàbá, àwọn ará omi kò mọ àṣà oko o."

"Wọn yóò mọ̀ ọ́n. Ọbẹ̀ kọ́ ni, tí a ó fi ní ó ti jóná."

Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ igi.

N kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n lọ ṣán ilẹ̀ náà. Ẹnu Hannah àti ẹnu Bàdírù ni mo ti gbọ́ ọ, ìròyìn àwọn méjèèjì sì bára mu. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ọkọ̀ ojú omi kó gbogbo ìlú kọjá, wọ́n ṣán igbó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹnì kan ní ibi báyìí ni ilé òun yóò wà, ẹlòmíràn ní òun kò ní gbé ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó ń han-run. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, àwọn ọmọ kó ọmọ àgbọn jáde láti inú ọkọ̀. Lára èso igi ìwọ́ wọn ni Hannah ti ní kí wọ́n gbìn ín sínú agolo láti ìgbà tí Bàbá Mùbàṣírù ti fún wọn ní ilẹ̀. Olúkúlùkù ti gé akísà lára ẹ̀wù rẹ̀ àtijọ́, ó sì ti so ó mọ́ tirẹ̀ kí a lè dá a mọ̀. Èrò Hannah ni pé kò yẹ kí ọmọ wọ ilẹ̀ tuntun láìní igi tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó tún rò pé yóò di ibòji fún àwọn ọmọ abúlé méjèèjì. Ó ta okùn, wọ́n sì gbìn ín yí gbogbo ilẹ̀ náà ká.

Bàdírù gun ọ̀kadà rẹ̀ dé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kí wọn dáadáa.

"Tísà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni ẹ ń gbìn yìí?"

"Àgbọn àwọn ọmọ ni. Ẹ wò ó bí ó ti tọ́, bí ìlà ìwé."

"Ó tọ́ lóòótọ́. Ó tọ́ bí ààlà."

"Ṣé kò dára ni?"

 Bàdírù rìn yí ìlà náà ká láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ó ń fi ọwọ́ kan akísà kọ̀ọ̀kan, ó sì gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó bá jẹ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àlejò tí a fún ní ilẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ewébẹ̀. Kì í gbin igi. Igi ń pẹ́ ju ẹni tí ó gbìn ín lọ. Ẹni tí ó gbin igi ti wí pé òun kò lọ mọ́, àti pé ọmọ òun ni yóò jogún ibẹ̀. Ọmọ ọdún mélòó kan ní Òkè-Ọ̀pẹ mọ èyí. Ṣùgbọ́n orí yanrìn Ìdí-Àgbọn kò ní oko, kò ní onílẹ̀ àti àlejò. Òkun nìkan ni ó ni ín. Hannah ka ìwé ilẹ̀ ayé, ó mọ òkè àti odò ní orílẹ̀-èdè tí kò dé rí. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ohun tí igi jẹ́ ní ìsọdá ọ̀sà kan péré sí ilé rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pè é. Gbogbo ẹbí ti jókòó. Bàbá Mùbàṣírù kò ṣe àwàdà kankan.

"Hannah, ọmọ mi, ǹjẹ́ mo ṣẹ̀ ọ́?"

"Rárá, Bàbá."

"Kí ló wá dé tí o fi gbin igi yí ilẹ̀ bàbá mi ká?"

Ó ṣàlàyé. Ó sọ ti ìwọ́, ó sọ ti orúkọ. "Bàbá, lọ́dọ̀ wa, igi kì í ṣe ẹ̀rí nílẹ̀. Ìbùkún ọmọ ni. A kò mọ̀."

"Mo gbà pé ẹ kò mọ̀. Jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi mọ̀ fún ọ. Bàbá tó bí mi gba àwọn kan sí òdìkejì odò wa. Èèyàn rere ni wọ́n. Wọ́n gbin obì díẹ̀, bàbá mi ní kò burú, àwọn ọmọ ni yóò jẹ ẹ́. Nígbà tí àwọn àgbà lọ tán, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Adájọ́ kò bi wá pé ta ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó ní, 'Ta ló gbin obì?' Ibẹ̀ ni ilẹ̀ náà lọ. Ibojì bàbá mi wà níbẹ̀. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ lọ ṣàdúà fún un, ọmọ àlejò ni mo ń tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀."

Bàdírù kọjú sí i. "Tísà, gbogbo ìwé tí ẹ kà ní Àgọ́-Ìwòyè, kò sí èyí níbẹ̀?"

"Wọ́n kọ́ mi bí gbòǹgbò ti ń di ilẹ̀ mú."

"Ohun tí à ń sọ náà nìyẹn."

Bàbá Mùbàṣírù gbé ọwọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín. "N kò gba ilẹ̀ padà. Ẹ̀yin tí ẹ gbin igi náà, ẹ fi ọwọ́ ara yín fà á tu, kí ẹbí mi rí i pẹ̀lú ojú wọn. Kí ó tó di Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bí ó bá ti kúrò, ẹ máa kó bọ̀. N kò ní sọ ọ́ mọ́."

Nínú kíláàsì kan náà ni Hannah ti jíṣẹ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin wolẹ̀. Ìbíkẹ́ ni ó dìde, obìnrin tí ó ti sin ọmọ rí, tí Asimawu nìkan ṣẹ́ kù fún un.

"Tísà, ẹ ní kí n ṣe kí ni?"

"Ìyá Asimawu, kì í ṣe igi ìwọ́ rẹ̀ gan-an. Igi ìwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbí."

"Orúkọ ta ló wà lára èyí tó wà lọ́hùn-ún? Akísà ẹ̀wù ta ni wọ́n so mọ́ ọn? Ẹ̀yin ni ẹ ní orúkọ rẹ̀ ni."

"Àgbọn ni, ẹ jọ̀ọ́. Igi ni. Kì í ṣe ọmọ. Bí a bá fà á tu, kò sí ohun tí yóò ṣe ọmọ."

Ìbíkẹ́ ní, "Ṣé irọ́ ni ẹ ti wá ń pa fún wọn láti ọjọ́ yìí ni?"

 Hannah sọ fún mi pé títí di òní òun ṣì ń wá èsì ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá ní irọ́ kọ́, a jẹ́ pé òun fẹ́ kí wọ́n pa ọmọ wọn lára. Bí ó bá ní irọ́ ni, a jẹ́ pé gbogbo ohun tí òun ti kọ́ wọn nípa òkun, orí irọ́ ni òun gbé e lé.

Bàbá Zechariah ni ó parí ìpàdé náà. "Ilẹ̀ tí a ó fi ọmọ rà, kí a má rà á."

Jímọ̀ ń bọ̀. Òkun ń kùn níwájú ilé. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Hannah bẹ ọlọ́kọ̀ kan, ó sì sọdá ọ̀sà ní òun nìkan. Ó ní kí wọ́n pe gbogbo ẹbí Bàbá Mùbàṣírù jáde. Wọ́n dúró wò ó bí ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó ń fi ọwọ́ wa ilẹ̀ yí ìdí àgbọn kọ̀ọ̀kan ká kí ó má bàa já gbòǹgbò, tí ó ń fà á jáde, tí ó sì ń tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀. Bàdírù, tí ó gba àyè níbi iṣẹ́ wálé ní ọjọ́ náà, fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Bàbá Mùbàṣírù dá a dúró, ó ní ẹni tí ó gbìn ín ni ó gbọ́dọ̀ fà á. Nígbà tí ó parí, arúgbó náà di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú amọ̀ tí ó wà lára rẹ̀.

"Ó tó, ọmọ mi. O ti ṣe é. Ẹ máa bọ̀. Ilẹ̀ ń retí yín."

Ó kó àwọn àgbọn náà padà sílé, èrò rẹ̀ ni pé òun yóò tún wọn gbìn sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sà kò fojúure wo gbòǹgbò. Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, ewé wọn ti sùn. Àwọn ìyá ti dúró sí èbúté. Kò sí ẹni tí ó bú u. Ìbíkẹ́ wọ inú omi dé ìbàdí, ó ń tú àwọn àgbọn náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí akísà ẹ̀wù Asimawu, ó sì gbé e mọ́ra lọ sílé.

Ní ọjọ́ Ajé, Hannah lu agogo. Ó tún un lù. Kò sí ọmọ tí ó wá.

Nínú ọ̀sẹ̀ náà ni ibà mú Asimawu, irú ibà tí ń mú ọmọdé ní gbogbo ìgbà òjò. Ara rẹ̀ yá. Ẹnikẹ́ni kò ka yíyá náà sí. Dídùbúlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n rí.

Bàbá Zechariah wá bá Hannah nínú kíláàsì tí ó ṣófo. Kò jókòó.

"Bàbá, ilẹ̀ ti wà. Kò sí ohun tí ó kù mọ́ ju kí a dìde lọ."

"Mo mọ̀."

"Omi ń bọ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n, Hannah. Ìwọ ni o kọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n tẹ̀lé ọ lónìí, wọn yóò bi mí pé ọmọ ta ni yóò kàn." Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn. "Ìwọ ìbá ti jẹ́ kí àwa fúnra wa kọ ilẹ̀ náà. Ìyẹn ìbá yé wa."

Wọn kò lọ. Òkè-Ọ̀pẹ dúró dè wọ́n ní odindi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn náà Bàdírù gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ náà. Àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ kò lè máa san owó oṣù olùkọ́ tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì gbé Hannah lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Mamu, níbi tí kòkó àti igbó ti dí ojú ọ̀run, tí àwọn ọmọ kò sì rí òkun rí. Nígbà tí òkun tún ya, ó mú ilé ẹ̀kọ́ lọ pẹ̀lú pátákó rẹ̀. Àwọn ará Ìdí-Àgbọn kò kú, nítorí pé wọ́n mọ ibi tí wọn yóò sá gbà. Wọ́n sá, olúkúlùkù sì ń bá sísá náà lọ: àwọn kan sí Èkó, àwọn kan sí Ìjẹ̀bú-Igbó láti máa gun ọ̀kadà, àwọn kan sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìgboro ni Bàbá Zechariah kú sí, láàrin àwọn tí kò mọ̀ pé baálẹ̀ ni.

Àwọn èwe tí ń ṣe ìwádìí nípa ojú ọjọ́ máa ń wá bá mi nígbà mìíràn, wọn a bi mí bóyá ẹ̀kọ́ lè gba irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ là. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí olùkọ́ tí mo mọ̀ tí ó kọ́ni dára ju Hannah Adéfọlá lọ, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ràn ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. N kò mọ ohun tí mo lè fi kún un.

Nínú ọdún tí ó kọjá, mo bá a pàdé ní ọjà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó wá ra nǹkan ọ̀sẹ̀, a sì jọ ń rìn lọ. Ó ti hewú. A dé ìsọ̀ ẹlẹ́ja kan, ẹja inú yìnyín, ti ilé iṣẹ́, kì í ṣe ti ọ̀sà. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó ń gé ẹja gbójú sókè, ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ ọjà.

"Tísà! Ẹ kú ọjọ́ púpọ̀, mà."

"Asimawu! O ti dàgbà. Kíláàsì wo lo wà báyìí?"

"N kò lọ mọ́, mà. Láti Ìdí-Àgbọn ni mo ti fi í sílẹ̀."

Ìbíkẹ́ jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lórí àpótí. Ó wo Hannah tààrà, kò kí i, kò bú u. "Asimawu, dìde nílẹ̀. Ẹ̀wù rẹ ń dọ̀tí."

Ọmọ náà dìde. Hannah tọ́ka sí ẹja tí ó wà nínú agbada níwájú wọn, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ẹ bá mi wọn díẹ̀ nínú rẹ̀, Ìyá Asimawu."

"A ti tà tán," ni Ìbíkẹ́ wí.

Ẹja kún agbada náà dé ẹnu. Hannah ní, "Ó dáa, mà. Ẹ kú ọjà," ó sì gba àárín àwọn alátẹ kọjá. Mo tẹ̀lé e. Kò ra ẹja níbòmíràn.